Ìtàn Oko Láti Ojú Sánmà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Àwòrán Sátẹ́láìtì Ọdún Púpọ̀ Láti Fi Tètè Rí Àrùn Ewé-Ìyeyè Ìrẹsì

Láti àfonífojì odò Rima ní ìpínlẹ̀ Sokoto àti Kebbi, títí dé àwọn oko tí wọ́n ń bomi rin lẹ́bàá odò Niger ní orílẹ̀-èdè Mali, ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń gbọ́ bùkátà. Ọ̀kan nínú àwọn àrùn tó ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́ jù ni àrùn ewé-ìyeyè ìrẹsì, tí àwọn oníwádìí ń pè ní RYMV. Orílẹ̀-èdè Kenya ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1966. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kò sì sí oògùn tí àgbẹ̀ lè fín tí yóò wò ó.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ewé tó ń pọ́n kì í sọ ohun tó ń ṣe é. Bí ìrẹsì bá ti ń pọ́n, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń rò pé ajílẹ̀ ni kò tó, wọ́n á sì tún ra yúríà kún un. Owó yúríà á lọ, àrùn ò ní lọ, ọwọ́ àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á sì gbé e dé oko aládùúgbò.

Agbaninímọ̀ràn àgbẹ̀ kan lè ní ogún abúlé láti bójú tó, kó sì jẹ́ alùpùpù kan ṣoṣo ló ní. Abúlé wo ni kó kọ́kọ́ yà sí? Àwòrán sátẹ́láìtì ọdún púpọ̀ lè bá a dáhùn ìbéèrè yìí, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì kà á bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá kà á lódì, yóò rán an lọ sí ibi tí nǹkan kan ò ṣe, àrùn á sì máa jà níbòmíràn.

Kí ni sátẹ́láìtì ń rí?

Ewé tó yè dáadáa máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa láti ara oòrùn sínú, ó fi ń ṣe oúnjẹ. Ó tún máa ń ta oríṣi ìmọ́lẹ̀ mìíràn padà sókè, èyí tí ojú èèyàn kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní infrared. Nígbà tí ewé bá ń ṣàìsàn, tàbí tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ pupa tó ń ta padà á pọ̀ sí i, infrared á sì dín kù.

Láti inú ìmọ́lẹ̀ méjì yìí ni wọ́n ti ń rí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní NDVI. Wọ́n á yọ iye ìmọ́lẹ̀ pupa kúrò nínú iye infrared, wọ́n á wá fi àròpọ̀ àwọn méjèèjì pín in. Ilẹ̀ tí kò sí ewé lórí rẹ̀ sábà máa ń wà nítòsí 0.1 tàbí 0.2. Oko tí ewé bò dáadáa lè dé 0.7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi lásán máa ń lọ sísàlẹ̀ 0, ìdí nìyẹn tí oko ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ irúgbìn rẹ̀ sínú omi fi máa ń ní òṣùwọ̀n kékeré láìṣe pé àrùn mú un.

Àwòrán sátẹ́láìtì pín sí àwọn igun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píkísẹ́lì. Ti sátẹ́láìtì Sentinel-2 ilẹ̀ Yúróòpù, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ sókè ní 2015, tí èkejì tẹ̀ lé e ní 2017, jẹ́ mítà 10 ní ìbú àti ní òró. Ìyẹn ni pé hẹ́kítà kan jẹ́ píkísẹ́lì 100. Ti Landsat ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ mítà 30, nítorí náà bíi 11 ló wà nínú hẹ́kítà kan. Ti MODIS, tó ti ń ya àwòrán láti 2000, jẹ́ mítà 250, píkísẹ́lì rẹ̀ kan ṣoṣo sì ju hẹ́kítà 6 lọ. Oko ìdajì hẹ́kítà kò lè dá hàn nínú ti MODIS. Oko rẹ̀ àti ti aládùúgbò mẹ́wàá á ti dàpọ̀ síbẹ̀.

Kí ló dé tí àwòrán kan ṣoṣo kò fi tó?

Bí wọ́n bá sọ fún àgbẹ̀ pé òṣùwọ̀n oko rẹ̀ lónìí jẹ́ 0.58, ọ̀rọ̀ náà kò nítumọ̀. Ṣé ó kéré ni, àbí ó tó? Bí ìrẹsì náà bá jẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin, ó dára. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ń yọ ọmọ, nǹkan lè ti bà jẹ́. Ohun tó ń fún un nítumọ̀ ni kí èèyàn mọ iye tí oko náà máa ń jẹ́ ní irú àsìkò yìí lọ́dọọdún. Èyí ni wọ́n fi ń kó àwòrán ọdún púpọ̀ jọ, tí wọ́n sì ń tò ó tẹ̀ lé ara wọn bí ìtàn.

Báwo ni àwòrán náà ṣe pọ̀ tó?

Ẹ̀yà àwòrán Sentinel-2 kan bo ilẹ̀ bíi kìlómítà 100 ní ìbú àti 100 ní òró. Píkísẹ́lì 10,980 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 120. Píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 2, nítorí náà oríṣi ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ń gba bíi mẹ́gábáìtì 241. Oríṣi ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin ni Sentinel-2 ń yà ní mítà 10. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 1 nìyẹn.

Àwọn sátẹ́láìtì Sentinel-2 máa ń padà sórí ibi kan náà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, èyí tó jẹ́ ìgbà 73 lọ́dún. Ẹ̀yà kan lọ́dún kan á gba bíi gígábáìtì 70. Ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin 923,768, ó kéré tán yóò gba ẹ̀yà 92. Ọdún kan á tó bíi gígábáìtì 6,500, ọdún mẹ́wàá á tó 65,000, kí wọ́n tó fún un pọ̀ kó lè kéré. Kò sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó lè gba ìyẹn, kò sì sí dátà fóònù tó lè gbé e wálẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀nà iṣẹ́ fi yí padà. Dípò kí wọ́n máa gbé àwòrán wá sórí kọ̀ǹpútà oníwádìí, ìbéèrè ni wọ́n ń gbé lọ bá àwòrán níbi tó wà. Google Earth Engine ń ṣe bẹ́ẹ̀. Digital Earth Africa, tó kó àwòrán Landsat àti Sentinel-2 ilẹ̀ Áfíríkà jọ, ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Èsì tó ń padà wá kéré gan-an. Òṣùwọ̀n píkísẹ́lì kan fún ọdún mẹ́wàá jẹ́ nọ́ńbà 730 péré. Kò tó fọ́tò kan tí èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó: ìwé alájọ

Bí wọ́n ṣe to àwòrán pamọ́ ló ń sọ bóyá ìdáhùn á dé láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ alájọ, tí àwọn ará Ghana ń pè ní susu, á tètè lóye rẹ̀.

Ká ní alájọ kan ní ìwé kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tó kọ orúkọ gbogbo oníbàárà ọjọ́ náà sí. Bí ẹnì kan bá bi í pé, "Èló ni mo ti dá láti ọdún tó kọjá?", ó di dandan kó ṣí ìwé 365 láti wá orúkọ kan ṣoṣo. Bí àwòrán ṣe ń dé láti sánmà gan-an nìyẹn: ọjọ́ kan, àwòrán kan. Láti mọ ìtàn oko kan fún ọdún mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà á ṣí 730 àwòrán, á sì wá ibi kékeré kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Alájọ mìíràn fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Ìbéèrè tó gba òmíràn ní wákàtí kan, ojú ẹsẹ̀ ló ń dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alaalẹ́, bó bá fẹ́ kọ owó ọjọ́ náà sílẹ̀, gbogbo káàdì ló gbọ́dọ̀ ṣí. Fún àwòrán tó ní mílíọ̀nù 120 píkísẹ́lì, èyí náà ò ṣeé ṣe.

Ọ̀nà tó tọ́ wà láàárín méjèèjì: kí alájọ di káàdì àwọn ará ìsọ̀ kan náà pọ̀ sínú àpò kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gé àwòrán sí búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù kan bo ilẹ̀ kékeré kan, ó sì ní ọjọ́ púpọ̀ nínú. Bí wọ́n bá béèrè ìtàn oko kan, búlọ́ọ̀kù díẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á ṣí. Bí àwòrán tuntun bá dé, kò ní tú gbogbo ilé ká kó tó rí àyè fún un. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Zarr. Òmíràn tó gbajúmọ̀ ni COG: ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣì ní fáìlì tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé fáìlì náà sí búlọ́ọ̀kù nínú, tó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n ń fẹ́ nìkan ni wọ́n á kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun mẹ́rin tí ẹni tó ń tọ́jú àwòrán kò gbọdọ̀ fi ṣeré

1. Ibi tí ìkùukùu bò kì í ṣe 0. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, ìkùukùu lè bo oko fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń dá ojú àwòrán rú. Ọjọ́ tí sátẹ́láìtì kò rí oko, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé "kò rí i". Bí wọ́n bá kọ 0, kọ̀ǹpútà á kà á sí oko tó ti kú. MODIS ń lo nọ́ńbà -3000 fún irú àyè bẹ́ẹ̀, kó má baà dàpọ̀ mọ́ òṣùwọ̀n gidi kankan.

2. Kí wọ́n fi odidi nọ́ńbà pa ìdá mọ́. Dípò 0.6521, wọ́n á fi 10,000 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á kọ 6521. Báìtì 2 ló ń gbà dípò 4, ìdajì àyè sì ti ṣẹ́kù nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ mọ́ fáìlì náà pé 10,000 ni wọ́n lò, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i.

3. Kí ọjọ́ àti ibi má ṣe kúrò lára àwòrán. Òṣùwọ̀n tí wọn kò mọ ọjọ́ rẹ̀ dà bí oògùn tí wọ́n ti ya orúkọ kúrò lára ìgò rẹ̀.

4. Kí wọ́n ṣọ́ra fún àyípadà tí kì í ṣe ti oko. Àpẹẹrẹ gidi kan wà. Láti ọjọ́ 25 oṣù kìíní 2022, ètò tuntun tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán Sentinel-2 bẹ̀rẹ̀ sí fi 1,000 kún nọ́ńbà gbogbo píkísẹ́lì, ẹni tó ń lò ó ló sì ní láti yọ ọ́ kúrò. Ká sọ pé infrared oko kan jẹ́ 3,000, pupa rẹ̀ sì jẹ́ 600. NDVI rẹ̀ jẹ́ 0.67. Bí wọn kò bá yọ 1,000 náà, nọ́ńbà yóò di 4,000 àti 1,600, NDVI á sì já sí 0.43. Oko kan náà, ọjọ́ kan náà, ewé kan náà. Ẹni tó bá so àwòrán 2021 pọ̀ mọ́ ti 2022 láìbójú tó èyí á kéde pé gbogbo ìrẹsì àgbègbè náà ló ń ṣàìsàn, nígbà tó jẹ́ pé ìṣirò rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Bí wọ́n ṣe ń ka ìtàn oko

Àkọ́kọ́, wọ́n á yọ ọjọ́ ìkùukùu kúrò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pín oṣù sí ọ̀nà mẹ́ta, bíi ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ fún àgbẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe máa ń ṣe. Wọ́n á mú òṣùwọ̀n tó dára jù nínú ọjọ́ mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan. Ìpín 36 lọ́dún nìyẹn.

Ìkejì, wọ́n á fi ọdún yìí wé àwọn ọdún tó ti kọjá ní ìpín kan náà. Ká mú àpẹẹrẹ: ní àárín oṣù kẹsàn-án, oko kan ti ní 0.68, 0.71, 0.70, 0.66, 0.72, 0.69, 0.70 àti 0.74 láàárín ọdún mẹ́jọ. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì rẹ̀ jẹ́ 0.70, èyí tó kéré jù sì jẹ́ 0.66. Bí ti ọdún yìí bá jẹ́ 0.67, kò sí ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ 0.58, oko náà kò tíì rí bẹ́ẹ̀ rí, ó sì yẹ kí wọ́n béèrè ìdí.

Ìkẹta, wọ́n á wo àwọn oko tó yí i ká. Bí gbogbo wọn bá já wálẹ̀ pa pọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ni kò tó. Wọ́n lè fi àkọsílẹ̀ òjò bíi CHIRPS, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1981, yẹ èyí wò. Ní oko tí wọ́n ń bomi rin, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣí omi. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú kan péré ló já, tí àwọn aládùúgbò tó ń mu omi kan náà ṣì wà ní 0.70, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti òjò.

Ìkẹrin, wọ́n á wo bí ìlà òṣùwọ̀n náà ṣe gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó pẹ́ gbìn máa ń ní ìlà kan náà pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló kàn fi pẹ́. Oko tí àrùn mú máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa bí àwọn yòókù, lẹ́yìn náà á dúró tàbí kó máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń gòkè. Bí ọjọ́ bá tún ń lọ tí ojú náà ń fẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ni kí agbaninímọ̀ràn kọ́kọ́ gbé alùpùpù rẹ̀ gbà.

Láti orí kọ̀ǹpútà dé ẹsẹ̀ oko

Sátẹ́láìtì kò lè dárúkọ àrùn. Ó lè sọ ibi tó yẹ kí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ èèyàn ló ń sọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí agbaninímọ̀ràn bá dé oko, ohun tó yẹ kó wò nìyí:

Àrùn RYMV: ewé tuntun ní àmì ìyeyè tó tò gẹ́gẹ́ bí ìlà kéékèèké lórí àwọ̀ ewé, ìrẹsì náà ràn, ọmọ ìdí rẹ̀ kò pọ̀, orí rẹ̀ kò jáde tán, ọ̀pọ̀ èso inú rẹ̀ sì ṣófo.

Àìtó ajílẹ̀ nitrogen: ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó ló ń kọ́kọ́ pọ́n, ó sì ń pọ́n délẹ̀ láìní àmì.

Irin tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ àbàtà: ewé tó ti gbó ní àmì pupa bí ìpẹtà, láti ṣóńṣó ewé wá sísàlẹ̀. Omi ibẹ̀ kì í sábà rọ́nà lọ.

Bó bá jẹ́ àìtó ajílẹ̀, yúríà ni ìdáhùn. Bó bá jẹ́ irin, kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún omi. Bó bá jẹ́ RYMV, yúríà kò lè ṣe nǹkan kan. Kí àgbẹ̀ fa àwọn tó ti ṣàìsàn tu kíákíá, kó sì pa wọ́n run. Kó fọ ọwọ́ àti irinṣẹ́ kó tó wọ oko mìíràn. Kó má ṣe jẹ́ kí màlúù wọ inú oko náà. Kó tu koríko etí oko, nítorí fáírọ́ọ̀sì máa ń sá pamọ́ síbẹ̀, àwọn kòkòrò ajẹwé sì ń gbé e káàkiri. Lẹ́yìn ìkórè, kó tú kùkùté ìrẹsì kúrò kó má baà rúwé. Àrùn yìí kì í bá irúgbìn wọlé, ṣùgbọ́n ó máa ń bá ọmọ ìrẹsì jáde láti orí ilẹ̀ ìfọ́n, nítorí náà kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ ibi ìfọ́n mọ́ ibi tí àrùn ti jà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n béèrè fún irú ìrẹsì tó lè kojú rẹ̀.

Ohun tí àgbẹ̀ náà lè fi kún un

Ìtàn tí sátẹ́láìtì ń sọ kò pé bí kò bá sí ti ẹni tó ni oko. Kọ̀ǹpútà kò mọ ọjọ́ tí wọ́n lọ́ irúgbìn, kò mọ irú ìrẹsì tí wọ́n gbìn, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn síbẹ̀ ní èṣí. Ọdún tí oko yí padà láti ìrẹsì sí àlùbọ́sà, òṣùwọ̀n rẹ̀ á já láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe é.

Nítorí náà, agbaninímọ̀ràn tó bá bẹ oko wò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀: ibi tí oko náà wà gẹ́gẹ́ bí fóònù ṣe sọ ọ́, kí ó sì dúró sí àárín oko, kì í ṣe ní etí ọ̀nà, ọjọ́ ìbẹ̀wò, ohun tí wọ́n gbìn àti ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín, ohun tó rí lára ewé, àti ohun tí àgbẹ̀ náà ti ṣe sí i. Kó kọ oko tó dá ṣáṣá sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ń fi oko aláìsàn nìkan ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà kò ní mọ bí oko aláàfíà ṣe ń rí.

Àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n á fi tún ìṣirò ṣe fún ọdún tó ń bọ̀. Bí oko tí kọ̀ǹpútà pè ní aláìsàn bá já sí oko tí omi kò dé, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi pamọ́. Àṣìṣe tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́dún yìí ni kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ kan ra yúríà lásán lọ́dún tó ń bọ̀.